Ibi Tí Òkun Ti Dákẹ́

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní Òkukù nípa bí omi òkun ṣe ń ṣàn. Màá ya àwòrán ayé sójú pátákó, màá fi ṣọ́ọ̀kì pupa fa ọfà omi tó gbóná, màá fi búlúù fa ti omi tó tutù, àwọn ọmọ á sì máa dà á kọ bí ẹni tó ń da orúkọ ìyàwó ọba kọ. Kò sẹ́ni tó bi mí rí nínú wọn bóyá mo ti fẹsẹ̀ kan òkun. Ká ní wọ́n bi mí, ǹ bá purọ́. Ìnísà ni wọ́n bí mi sí, Ìkìrun ni mo kọ́lé sí, Òkukù ni iṣẹ́ ìjọba gbé mi sí. Odò Ọ̀tìn ni omi tó tóbi jù tí mo bá ṣeré rí, mo sì ti gbà lọ́kàn ara mi pé ẹni tó mọ Ọ̀tìn mọ omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé kí lojú mi rí, tí mo ń rẹ́rìn-ín tí mo ń kọjá lọ, ẹ jókòó. Mo ti ṣe tán báyìí.

Kí n tó kúrò nílé

Ọmọbìnrin mi ló gbé mi dé òkun. Bọ́láńlé la sọ ọ́, pé kó bá ọlá nílé. Ọmọ náà wo inú ilé yíká, kò rí ọlá kankan níbẹ̀, ó bá jáde lọ wá a. Ó parí yunifásítì, ó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ó ní òun fẹ́ lọ kí àbúrò ìyá òun tó ń tajà ní Àkráà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì náà di oṣù mẹ́jọ.

Fídíò kan ló kọ́kọ́ dé sórí fóònù ìyàwó mi. Omi kan ń bọ̀, ó ga ju òrùlé ilé wa lọ, ẹnì kan sì dúró lórí pákó pẹlẹbẹ kan, ó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ níwájú omi náà bí ẹni tí olè ń lé. Ìyàwó mi rò pé fíìmù ni, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀kejì tó wò ó ló dá ọmọ rẹ̀ mọ̀. Bọ́láńlé kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé iṣẹ́ òun nìyẹn báyìí, pé òun ti kúrò ní Àkráà, òun wà ní abúlé apẹja kan lápá Tákóràdí, àti pé òun ń kọ́ àwọn àlejò bí wọ́n ṣe ń gun orí ìgbì. Sọ́fíìnì ni wọ́n ń pè é.

Ìyàwó mi kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìyá àdúrà kan níbẹ̀ ní òun rí omi. Mo ní nínú oṣù keje, tí òjò ò jẹ́ ká rẹ́sẹ̀ gbé, ta ni kò rí omi? Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó bá mi di ẹrù, ó ki ata gígún àti ẹ̀gúsí sí i fún ọmọ rẹ̀, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Bàbá Bọ́lá, ẹ lọ mú un wá. Ẹ má lọ máa bá a ṣàwàdà o. Ẹ mú un wá.”

Aláta

N ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti bọ́dà dá yín lágara. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé bí ọ̀nà ṣe ń gùn sí i ni mo ń kéré sí i. Ní Ìkìrun, Ọ̀gá Tíṣà ni mí. Ní Kùtọnu, mo di Mùsíọ̀, bíi ti gbogbo ẹni tó ní ṣòkòtò. Nígbà tí mo fi máa wọ Gáná, obìnrin tó ń ta omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ wo ojú mi, ó wo fìlà mi, ó sì ní, “Aláta.”

Mo yára fọwọ́ bo báàgì mi. Mo rò pé obìnrin náà ti gbóòórùn ata gígún ìyàwó mi. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé ata náà kì í ṣe títà, pé fún ọmọ mi ni. Gbogbo ọkọ̀ ló ń wò mí. Bàbá kan tó jókòó tì mí ló ṣàánú mi, ó ní orúkọ tí àwọn ń pe ẹ̀yà tiwa láti ìgbà láéláé nìyẹn, kò kan ata rárá. Mo ní ẹ ṣeun. Títí tí mo fi kúrò ní ilẹ̀ wọn, mi ò gbọ́ orúkọ náà kí ọwọ́ mi má lọ sára báàgì.

Òkun bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú lápá òsì wa. Yóò yọ láàrin igi àgbọn, yóò sá pamọ́ sẹ́yìn ilé, yóò tún yọ. Mi ò lè jókòó dáadáa. Ọrùn ń ro mí. Mo ń tún ọ̀rọ̀ tí màá sọ fún ọmọ náà tò lọ́kàn mi: palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, ìyá rẹ ò rí oorun sùn, ọ̀la la ń lọ. Mo sọ ọ́ ní ohùn líle, mo sọ ọ́ ní ohùn ẹ̀bẹ̀, mo tiẹ̀ sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì. Tí mo bá tún wo òkun, tí mo rí bó ṣe ń mì láìsí ẹni tó tì í, màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Èjá Kwésí

Bọ́láńlé ti dúró dè mí. Ó ti dú, irun orí rẹ̀ ti di àwọ̀ irin tó dógùn-ún, apá rẹ̀ sì ti le bí apá ẹni tó ń lagi. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ̀rọ̀ tí mo gbé la bọ́dà mẹ́ta kọjá, ọmọ náà bá kúnlẹ̀ sínú iyanrìn pẹ̀lú aṣọ tútù lára.

“Dádì, ẹ káàbọ̀. Ṣé ebi ò pa yín?”

Ebi ń pa mí. Ọ̀rọ̀ sì tán.

Ọ̀dọ̀ bàbá apẹja kan ló ń gbé. Ó ń pè é ní Èjá Kwésí. Mo rò pé ìnagijẹ ni, pé nítorí ẹja tí bàbá náà ń pa ni. Bọ́láńlé rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, ó ní “bàbá” ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè wọn. Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bàbá náà gbọ́ Yorùbá. Ẹ gbọ́ irú Yorùbá tó gbọ́ o. Nígbà tó wà lọ́mọdé, obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ wa ń ta wọ́rọ́bọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ obìnrin yìí ló ń bá ṣeré, ilé wọn ló ti ń jẹun. Ìyẹn ni pé gbogbo Yorùbá tó wà lẹ́nu rẹ̀, ohun tí ìyá fi ń bá ọmọ tó ń ṣe ìjàngbọ̀n wí ni. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún dúró níwájú mi, ó na ìka sí àpótí kan.

“Jókòó.”

Mo jókòó.

“O ti fọwọ́?”

Mo fọ ọwọ́. Wọ́n gbé oúnjẹ wá, ohun kan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé. Mo ní háà, ẹ̀kọ rèé. Kì í ṣe ẹ̀kọ. Ó le ju ẹ̀kọ lọ, ó kan bí ọtí àná, ẹja díndín àti ata lílọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọ̀fun mi kọ̀ ọ́ ní òkèlè àkọ́kọ́, nígbà tó di ìkẹta, mo ti ń wo ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òkèlè wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi nígbà tí ìyàwó bàbá náà na ẹja sí mi, n kò rò ó, mo fi ọwọ́ òsì gbà á. Bàbá náà wò mí bí ìyá mi ṣe máa ń wò mí ní Ìnísà.

“Ọwọ́ ọ̀tún.”

Ẹ ò rí ayé mi. Èmi ọmọ Yorùbá, tí mo ti na ọmọ ọlọ́mọ nítorí ọwọ́ òsì.

Ìtìjú yẹn ló fún mi láyà. Mo nu ẹnu mi, mo yíjú sí Bọ́láńlé, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo ní ìyá rẹ ní kí n mú ẹ wálé. Kò bá mi jiyàn. Ó ń ṣa egungun ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

“Mo mọ̀ pé nǹkan tí ẹ bá wá nìyẹn. Dádì, ẹ jẹ́ kí n fi òkun hàn yín ná. Tí ẹ bá ti wò ó tán, tí ẹ sì ní kí n máa bọ̀, màá tẹ̀ lé yín. N ò ní bá yín fà á.”

Mo gbà. Lọ́kàn mi, ó ti parí. Wíwò lásán ni, kí ni yóò ná mi?

Ẹ̀kọ́ lórí iyanrìn

Ọjọ́ kejì jẹ́ Túsìdé. Gbogbo ọkọ̀ ojú omi ló wà lórí iyanrìn. Wọ́n ní ọjọ́ Túsìdé ni òkun ń sinmi, kò sẹ́ni tó ń ju àwọ̀n sí i. Àwọn apẹja jókòó kiri, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe.

Mo rò pé Bọ́láńlé máa gbé pákó fún mi. Ó ní kí n jókòó síyanrìn kí n máa wo omi. Mo wò ó. Mo ní mo ti rí i. Ó ní kí n tún wò ó. Ẹ̀yin tí mo ti jókòó tì nínú ìpàdé olùkọ́, ẹ mọ̀ pé ìdí mi kì í balẹ̀. Mo ń fi ẹsẹ̀ wa iyanrìn bí adìyẹ.

Ó ní kí n máa ka ìgbì. Mo kà á. Wọ́n ń wá ní kékeré, ní kékeré, mo ti fẹ́ máa sùn, àwọn ńlá bá dé, mẹ́rin tàbí márùn-ún léra wọn, ilẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ara omi tún rọlẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń rìn nìyẹn, ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń wá, ẹni tí kò bá jókòó kà á, àwọn kékeré ló máa rí tó fi máa wọ omi, àárín àwọn ńlá ló máa ti la ojú. Ó ní afẹ́fẹ́ tó bí ìgbì tí à ń wò yìí lè ti kú lójú òkun níbi tó jìnnà gan-an, kí ìgbì tó rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ní ibi tí ìgbì bá ti ń fọ́ tó ń hó funfun, ilẹ̀ ò jìn níbẹ̀, omi ti fẹsẹ̀ kọ iyanrìn ni.

Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mi ò mọ nǹkan. Mo ní òkun ibí yìí, ìlà-oòrùn ni omi rẹ̀ ń ṣàn lọ, mo ti kọ́ ọ ní kíláàsì àìmọye ìgbà.

“Dádì, òótọ́ ni. Àmọ́ ìyẹn ò ní pa yín. Èyí tó wà níwájú yín yìí la ń wò.” Ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé pákó wá. “Ẹ má wọ̀ ọ́ kí n tó dé o. Ẹ bá mi ro èyí: gbogbo omi tó ń wá sí etí ilẹ̀ látàárọ̀ yìí, ọ̀nà wo ló ń gbà padà?”

Ọgbọ́n èmi gan-an nìyẹn. Tí mo bá fẹ́ jáde kúrò ní kíláàsì, ìbéèrè ni mo máa ń jù sílẹ̀ kí wọ́n má pariwo.

Ọ̀nà tí omi ń gbà relé

Mo ronú fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Oòrùn ń pa mí. Mo wo ọwọ́ òsì, omi ń hó, ó ń bú. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún, bákan náà. Àmọ́ láàrin méjèèjì, ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó fẹ̀ tó yàrá kíláàsì kan, tó dákẹ́ minimini. Ìgbì ò fọ́ níbẹ̀. Ojú omi kàn ń mì díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀ ju ti yòókù lọ, bí Ọ̀tìn lẹ́yìn òjò. Ọkàn mi yọ̀. Ní Ìnísà, ibi tí odò bá ti dákẹ́ ni àwọn ìyá wa máa ń kó wa lọ wẹ̀. Ibi tó ń pariwo ni òkúta wà, ibẹ̀ ló ń gbọ́mọ ṣubú. Mo ní ẹ wo ibi tí Ọlọ́run tún ṣe fún èmi àgbàlagbà. Mo ká ṣòkòtò mi sókè dé orúnkún.

Èjá Kwésí ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó gbójú sókè.

“Má lọ síbẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbà mí gbọ́, ohùn bàbá náà pẹ̀lú Yorùbá yẹn, kò sí bó ṣe lè sọ ọ́ tí kò ní pa mí lẹ́rìn-ín. Ó tún sọ ọ́. Ó fi kún un pé, “Màá nà ẹ́.” Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ má nà mí, mo ń bọ̀. Mo wọ omi.

Ó dé orúnkún mi, ó dùn mọ́ mi. Ó dé itan. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí ẹni tí wọ́n ń fa ẹní mọ́ nídìí. Mo ní kí n padà. Nígbà tí mo yíjú, ẹsẹ̀ mi ò kan ilẹ̀ mọ́.

Mo mọ̀wẹ̀. Mo yan igi àgbọn kan létí ilẹ̀, mo dojú kọ ọ́, mo sì ń wẹ̀ bí mo ṣe ń wẹ̀ ní Ọ̀tìn. Mo wẹ̀ títí, mo gbójú sókè, igi náà ti kéré sí i. Mo fi agbára kún un. Ó tún kéré sí i. Kò sí ìgbì kankan lórí mi, kò sí ariwo, omi náà kò bá mi jà, ó kàn ń gbé mi lọ ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ìgbà tí wọ́n gbé ọmọ sẹ́yìn. Mo mu omi iyọ̀. Apá mi ń wúwo. Níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ mi yé mi: ọ̀nà tí omi ń gbà padà rèé, èmi sì wà lójú ọ̀nà náà. Mo ronú kan ìyàwó mi, pé ó rán mi láti lọ mú ẹnì kan kúrò nínú omi, pé báwo ni wọ́n á ṣe ròyìn èyí fún un.

Mo rí Bọ́láńlé nígbà tó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú pákó lábẹ́ apá. Ẹ wò ó, kò wọ inú omi tó ń hó. Inú ọ̀nà tó dákẹ́ yẹn gan-an ló gbé pákó sí, ó dùbúlẹ̀ lé e, omi náà sì gbé e wá bá mi kíákíá bí ẹni tó wọ mọ́tò. Ohun tó fẹ́ pa mí ni ọmọ mi wọ̀ wá.

“Ẹ di pákó mú. Ẹ má bá a jà mọ́. Ẹ mí.”

Mo dì í mú. Mo na ọwọ́ sí igi àgbọn. Ó ní rárá. Ẹ̀gbẹ́ ló ń wà wá lọ, síbi tí omi ti ń bú tó ń hó funfun.

“Bọ́lá, ibẹ̀ yẹn máa pa wá.”

“Dádì, ibẹ̀ yẹn ló máa gbé wa dé ilẹ̀.”

Kò pẹ́ tí a fi rìn díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí fífà náà fi dáwọ́ dúró, bí ẹni tó já ọwọ́ ẹni sílẹ̀. Ó ní ká dúró. Ó ń kà lábẹ́lẹ̀. Àwọn ńlá kọjá. Nígbà tí kékeré kan dé, ó ní kí n dì í mú ṣinṣin. Omi náà tì wá láti ẹ̀yìn, ó sì jù wá sórí iyanrìn, èmi pẹ̀lú ikùn mi níwájú. Ṣòkòtò mi wà. Fìlà mi ti lọ.

Jókòó

Èjá Kwésí ti dúró sí etí omi, okùn àwọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bú mi. Ó ní, “Jókòó.” Mo jókòó. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, bàbá náà ní, “Jẹun.” Àwọn apẹja ń sọ̀rọ̀ lédè wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo ń gbọ́ “Aláta” níbẹ̀. Bọ́láńlé túmọ̀ rẹ̀ fún mi: wọ́n ní òkun ń sinmi lọ́jọ́ Túsìdé, Aláta wá lọ jí i lójú oorun.

Ọmọ náà ṣì di pákó rẹ̀ mú. Ó ní òun ti fa àwọn àlejò jáde lójú ọ̀nà yẹn, àmọ́ ẹ̀rù ò ba òun tó báyìí rí.

“Dádì, ṣé kí n máa palẹ̀ mọ́?”

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pe ọ̀nà omi náà. Ó sọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ọ́ lédè àwọn apẹja. Mo ní orúkọ méjèèjì kò sọ ohun tó jẹ́ fún ẹni tó ti ìlú wa wá. Odò ni. Odò ló ń ṣàn nínú òkun, ká ní wọ́n ti sọ fún mi pé odò ni, tí kò sì ní bèbè kejì, n kì bá wọ̀ ọ́. Ó tún un sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: odò inú òkun. Ó ní òun máa kọ ọ́ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń wá.

Nípa ìyẹn ló fi mọ èsì mi, àmọ́ mo sọ ọ́ síta kó má di pé mo fi ẹ̀rín bò ó. Mo ní kó dúró. Kì í ṣe pé ẹ̀rù tán lára mi. Bó ṣe ń ka àwọn ìgbì ńlá yẹn pẹ̀lú bàbá rẹ̀ lọ́rùn, tí kò kánjú, ni mo rò títí tí mo fi rí i pé iṣẹ́ lèyí, ó sì mọ̀ ọ́n. Mo lò tó ọjọ́ mẹ́rin sí i. Kò sí wákàtí kan nínú wọn tí mo fi jókòó síbì kan ṣoṣo.

Ìkìrun

Ìyàwó mi wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú mi. Ẹ̀yìn mi ló ń wò.

Mo ti pinnu nínú ọkọ̀ pé màá fo ìtàn Túsìdé. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ, mo sọ ti ọwọ́ òsì, mo sọ ti Aláta. Ó ń wò mí. Kí n tó mọ̀, mo ti sọ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan fìlà.

“Ẹ wọ ibi tó dákẹ́,” ó ní.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ó yọ yín. Ẹ wá fi í sílẹ̀ síbẹ̀.”

Ó gbé fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀, kò tiẹ̀ jẹ́ kó kí òun tán. Ó ní, “Ìwọ lo yọ bàbá ẹ. Tó bá kan ìwọ, ta ló máa yọ ẹ́?”

Bọ́láńlé ní àwọn kì í wọ omi lẹ́nìkan. Ó ní ẹnì kan máa ń dúró sétí ilẹ̀ tó ń wò. Ìyàwó mi ní ta lẹni náà. Ọmọ náà ní ẹni tó bá ṣáà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ni.

“Ẹni tó bá wà níbẹ̀,” ni ìyàwó mi ń wí lẹ́yìn tó pa fóònù. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, tí kò dá a lójú pé iyọ̀ tó. Ó wọlé, ó ń ṣí àpótí, ó ń pa á dé. Nígbà tó jáde, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa dúró ní ṣọ́ọ̀bù òun.

“Èmi máa lọ jẹ́ ẹni yẹn. Bó tiẹ̀ jẹ́ oṣù kan péré.”

Mo rán an létí pé kò mọ̀wẹ̀. Ó ní wíwò ni wọ́n sọ, wọn ò sọ wíwẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló lọ. Ó kìlọ̀ fún mi kó tó wọ ọkọ̀ pé n ò gbọdọ̀ pe òun nígbàkigbà tí ọmọ bá wà nínú omi, torí òun ò ní lè gbójú kúrò lára rẹ̀ láti wo fóònù. Mo ní ó dáa. Ọkọ̀ ti gbéra kí n tó rántí pé mi ò mọ ìgbà tí ọmọ náà máa ń wọ omi. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì pè.